Bí Ẹgbẹ́ Ìjọ Ṣe Lè Ṣètò Ìrìn-Àjò Iṣẹ́ Ìránṣẹ́ Ọlọ́jọ́ Díẹ̀ sí Ilé Ọmọ Òrukàn Nílẹ̀ Òkèèrè

Ní ọjọ́ kejì tí ẹgbẹ́ wa dé ilé ọmọ òrukàn kan nílẹ̀ òkèèrè, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ sáré wá bá mi láti ìpẹ̀kun àgbàlá. Ó na ọwọ́ sókè pé kí n gbé òun, ó sì gbé orí lé èjìká mi bí ẹni pé ó ti mọ̀ mí látọjọ́ tó ti dáyé. Kò mọ orúkọ mi, èmi náà kò gbọ́ èdè rẹ̀. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Nígbà tí ọkọ̀ wa fẹ́ ṣí ní ọjọ́ kẹwàá, ó di apá ẹ̀wù mi mú títí olùtọ́jú kan fi wá ń tú àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Olùtọ́jú náà kò bá a wí, kò sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó kàn ń ṣe é bí iṣẹ́ tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìgbà tí mo délé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ara mi léèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti tú ìka ọmọ yẹn kúrò lára àlejò lọ́dún náà.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún àwọn pásítọ̀, àwọn alàgbà, àwọn olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tí ìjọ fi ètò irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́. N kò kọ ọ́ láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun, nítorí àṣẹ inú ìwé Jákọ́bù 1:27, pé kí á máa bójú tó àwọn aláìníbaba àti àwọn opó nínú ìpọ́njú wọn, wà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹsẹ Bíbélì náà dá orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀, àti pé nígbà púpọ̀, opó yẹn gan-an ni ìyá ọmọ náà. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni màá máa fi wọn gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí: ǹjẹ́ ohun tí a fẹ́ ṣe yóò ran àwọn tí yóò ṣẹ́kù sọ́dọ̀ ọmọ lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ wa bá ti lọ? Èyí tí kò bá ní ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ètò, bó ti wù kó dùn mọ́ wa tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ẹni tí ẹ fẹ́ lọ bẹ̀ wò

Orúkọ tí wọ́n kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà lè tan ni jẹ. Nínú ìṣirò àjọ UNICEF, ọmọ tí ó pàdánù ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn òbí rẹ̀ pàápàá ń jẹ́ ọmọ òrukàn. Ní ọdún 2009, àjọ Save the Children sọ nínú ìròyìn kan pé, káàkiri àgbáyé, ó kéré tán mẹ́rin nínú ọmọ márùn-ún tó ń gbé irú ilé wọ̀nyí ni ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé. Kì í ṣe ikú ló kó ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀. Òbí tí kò rí owó ilé-ìwé san wà níbẹ̀, ìdílé tí ọmọ rẹ̀ ní ìpèníjà ara tí kò sì rí ìrànwọ́ gbà wà níbẹ̀, ogun àti àìsàn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó wọ abúlé wá láti ṣèlérí pé ọmọ yóò kàwé yóò sì padà wá bí ọ̀gá.

Ìbẹ̀wò àwa àlejò sì ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Kàǹbódíà, iye ilé ọmọ òrukàn fi ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i láàárín ọdún 2005 sí 2010, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin tó wà nínú wọn ló ní òbí. Ibi tí àlejò bá ti ń dé, tí owó ọrẹ sì ń tẹ̀ lé wọn, ẹnì kan yóò wá ọmọ tí yóò kún àwọn bẹ́ẹ̀dì náà. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọsirélíà ṣe ìwádìí lórí ẹrú ìgbàlódé ní ọdún 2017, wọ́n ka kíkó ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ nítorí èrè mọ́ ìwà kíkó ènìyàn ṣòwò. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ nínú àwọn ìlànà tí ó fọwọ́ sí ní ọdún 2009 pé ìṣẹ́ nìkan kò gbọdọ̀ jẹ́ ìdí tí ọmọ yóò fi kúrò lọ́wọ́ òbí rẹ̀, àti pé inú ìdílé ló yẹ kí a ti máa tọ́ ọmọ tí kò ní olùtọ́jú, pàápàá èyí tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta.

Ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ọpọlọ ọmọ kì í ṣe àròsọ. Ní Bucharest, olú ìlú Ròmáníà, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ mẹ́ta, Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 lórí àwọn ọmọ 136 tí wọ́n ń tọ́ ní àwọn ilé ìjọba. Wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n gbé fún ìdílé alágbàtọ́, pàápàá àwọn tí wọ́n gbé kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì, dàgbà sókè ní làákàyè àti ní ìwà ju àwọn tó ṣẹ́kù sílé náà lọ. Láti inú irú ìmọ̀ yìí ni mo ti wá lóye ọmọbìnrin tó sáré wá bá mi. Ọmọ tí ó ní ẹnì kan pàtó tí ń tọ́jú rẹ̀ a máa sá sẹ́yìn ẹni náà bí àlejò bá dé. Ọmọ tí wọ́n ń pààrọ̀ olùtọ́jú fún ní àárọ̀ àti ní alẹ́, tí àlejò tuntun sì ń gbé jó lóṣooṣù, òun ló ń na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. Àmì àìní ni, àwa ni a sọ ọ́ di ìtẹ́wọ́gbà.

Ẹ ka ìpín yìí sétí gbogbo ìgbìmọ̀ kí ẹ tó yan orílẹ̀-èdè tàbí ọjọ́ kankan.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣírò owó náà lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ pín in sí méjì. Ní apá kan, ẹ kọ gbogbo ohun tí ìrìn-àjò náà yóò gbà: ọkọ̀ òfuurufú, físà, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ibùgbé, oúnjẹ, ọkọ̀ tí yóò máa gbé yín káàkiri, aṣọ ẹgbẹ́ tí ẹnìkan yóò dá lábàá dandan. Ní apá kejì, ẹ kọ ohun tí iye owó kan náà lè ṣe ní ìlú tí ẹ ń lọ: oṣù mélòó ni yóò fi san owó òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwá ẹbí ọmọ rí, ọmọ mélòó ni yóò san owó ilé-ìwé fún nínú ilé òbí tiwọn, ìyá mélòó ni yóò fún ní owó ìpìlẹ̀ òwò. Ẹ gbé ìwé náà síwájú ìjọ láìfi ohunkóhun pamọ́. Ẹ lè pinnu lẹ́yìn rẹ̀ pé ènìyàn méjì ni yóò lọ dípò mẹ́rìnlá, tàbí pé owó nìkan ni yóò lọ. Ìpinnu bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ lọ, ó yẹ kí ẹ lè dárúkọ iṣẹ́ tí ẹ ń lọ ṣe, kí ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí àwọn tó wà níbẹ̀ béèrè fún. Nọ́ọ̀sì lè kọ́ àwọn olùtọ́jú bí a ṣe ń fún ọmọ tí ó ní ìṣòro gbígbé nǹkan mì lóúnjẹ; oníṣirò owó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láti tò ìwé owó wọn; olùkọ́ni fún àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara lè bá àwọn olùkọ́ ibẹ̀ jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan. Kíkun ògiri ní ọ̀dà kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí akunlé wà ní gbogbo ìlú, ó sì ń wá iṣẹ́. Mo ti rí ògiri kan tí ẹgbẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kùn láàárín ọdún kan. Àwọ̀ ọ̀dà ìṣáájú ń yọ jáde lábẹ́ fèrèsé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yẹ ilé náà wò fínnífínní

Ìgbésẹ̀ yìí ló yẹ kó gba àkókò jù lọ. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta, ó kéré tán. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbára lé fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ tàbí ẹ̀rí tí alákòóso ilé náà jẹ́ nígbà tó wá sí ìjọ yín. Ẹ wá ẹni tí ó ń gbé orílẹ̀-èdè náà, tí kò sì ní èrè kankan nínú ilé náà, kí ó bá yín béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba tí ọ̀rọ̀ ọmọdé wà lábẹ́ rẹ̀ bóyá ilé náà ní ìwé àṣẹ, ọdún wo ni ìwé náà yóò parí, àti ìgbà wo ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ ibẹ̀ wò gbẹ̀yìn. Ẹ béèrè pẹ̀lú nípa ìlànà orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀. Rwanda, fún àpẹẹrẹ, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 2012 láti máa ti àwọn ilé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ sì padà sínú ìdílé. Kò bójú mu kí ìjọ máa kọ́ ilé tuntun síbi tí ìjọba ti ń tì wọ́n.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí ilé náà. Báwo ni ọmọ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ yín, ta ló sì ń fọwọ́ sí i? Ọmọ mélòó ló padà sọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ lọ́dún tó kọjá? Ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù ni ẹbí lè wá wo ọmọ? Ọmọ mélòó ni olùtọ́jú kan ń mójú tó lọ́sàn-án, mélòó sì ni lóru? Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta bá wà níbẹ̀, kí ló dé tí a kò tíì rí ìdílé alágbàtọ́ fún un? Ta ló ni ilẹ̀ àti ilé náà, orúkọ ta ni wọ́n sì fi ṣí àkáǹtì báńkì rẹ̀? Ilé tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń ní fáìlì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan àti ètò bí ọmọ náà yóò ṣe padà sínú ìdílé. Wọn kò ní ṣí fáìlì náà hàn yín, kò sì yẹ kí wọ́n ṣí i, ṣùgbọ́n wọn yóò lè ṣàlàyé láìkólòlò bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ìbéèrè nípa ẹbí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí. Ní ilé kan tí mo bẹ̀ wò, èsì tí alákòóso fún wa ni pé, “Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní ẹnì kankan.” Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, obìnrin kan jókòó sórí òkúta lẹ́yìn géètì, ó gbé ike kékeré kan tí ó ní ọmọrí lé itan. Kò kan ìlẹ̀kùn. Ó tó wákàtí kan kí ọmọkùnrin kan tó rí i láàárín irin géètì, ó sì pè é ní ìyá ní èdè wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo wa ti kọ́ láti ọjọ́ tí a dé. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gba ike náà, ó sì ní kí obìnrin náà máa lọ nítorí pé àlejò wà nínú ilé.

Àwọn àmì kan wà tó yẹ kó mú yín padà lẹ́yìn lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá gbà yín láìbéèrè ìwé ẹ̀rí ìwà rere kankan, ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń gba ẹnikẹ́ni tó bá kan ìlẹ̀kùn, títí kan ẹni tí ó ń wá ọmọ tí yóò bà jẹ́. Bí wọ́n bá ń dá àwọn ọmọ dúró láti ilé-ìwé kí wọ́n lè wá jó kí wọ́n sì kọrin fún àlejò, bí wọ́n bá jẹ́ kí ẹ mú ọmọ jáde láìsí olùtọ́jú, bí wọ́n bá sọ ìtàn ìbànújẹ́ ọmọ kan lójú ọmọ náà, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ tún wo ilé tí ó ti ń gba ọrẹ fún ọdún púpọ̀, tí àwọn bẹ́ẹ̀dì, aṣọ àti ilé ìdáná rẹ̀ kò sì sàn sí i rárá. Níbẹ̀, àìní náà gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìwé, òfin àti ẹnubodè

Ìwé ìrìnnà gbogbo ẹni tó ń lọ yẹ kó ní, ó kéré tán, oṣù mẹ́fà lára lẹ́yìn ọjọ́ tí wọn yóò padà, nítorí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kì í gba èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Físà ìgbafẹ́ kì í sábà gba ènìyàn láyè láti ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́, nítorí náà ẹ sọ òótọ́ iṣẹ́ tí ẹ ń lọ ṣe fún ilé-iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè náà, kí ẹ sì gba irú èyí tí wọ́n bá ní kí ẹ gbà. Ìjọ tí ó parọ́ ní ẹnubodè kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbìyànjú láti mú ọmọ kọjá ẹnubodè, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ ọmọ náà ká a lára tó. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ tó ba Haiti jẹ́ ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2010, wọ́n mú àwọn onígbàgbọ́ mẹ́wàá láti Amẹ́ríkà bí wọ́n ṣe fẹ́ kó àwọn ọmọ 33 kọjá sí Dominican Republic láìní ìwé tó yẹ. Ilé ọmọ òrukàn ni wọ́n ní àwọn ń kó wọn lọ. Nígbà tí wọ́n wádìí, àwọn ọmọ náà ní òbí, òbí sì ni ó fà wọ́n lé àwọn àlejò náà lọ́wọ́ nínú ìpọ́njú, pẹ̀lú ìrètí pé wọn yóò rí ẹ̀kọ́ àti ibùgbé tó dára. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọmọ tọ́, ilé ẹjọ́ àti ọ́fíìsì ìjọba ni kó lọ, kì í ṣe ọkọ̀ ẹgbẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Yíyan àwọn tí yóò lọ

Ẹni tí ó rí owó san kì í ṣe ẹni tí ó yẹ, dandan. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ lọ kọ ìwé ìbéèrè, kí ẹ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, kí ó mú ẹni méjì tó mọ̀ ọ́n tí wọn kì í ṣe ẹbí rẹ̀ wá jẹ́rìí, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí ìwà rere lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Kí pásítọ̀ náà gba tirẹ̀. Bí ẹ bá yọ pásítọ̀ sílẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀, ẹ ti kọ́ gbogbo ẹgbẹ́ pé ìlànà náà ní ibi tí ó ti ń pin.

Ẹgbẹ́ kékeré dára ju ńlá lọ, àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 sì yẹ kí wọ́n dúró sílé fún irú ìrìn-àjò yìí. Ẹ pàdé ní ìgbà mẹ́fà, ó kéré tán, kí ẹ tó lọ. Ẹ kọ́ ìkíni àti ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ní èdè ibẹ̀, ẹ kọ́ ìtàn orílẹ̀-èdè náà díẹ̀, kí ẹ sì lo ìpàdé méjì gbáko lórí ìlànà tí mo fẹ́ sọ báyìí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìlànà tí gbogbo ènìyàn yóò fọwọ́ sí

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ilé náà. Àgbàlagbà kan kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ níbi tí ojú ẹlòmíràn kò tó. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò gbọdọ̀ wọ yàrá ìsùn tàbí ilé ìwẹ̀ àwọn ọmọ. Wíwẹ̀, fífún ní oúnjẹ, títẹ́ sùn àti rírẹ̀ lẹ́kún jẹ́ iṣẹ́ àwọn olùtọ́jú, nítorí àwọn iṣẹ́ wọ̀nyẹn ni ọmọ fi ń mọ ẹni tí ó jẹ́ tirẹ̀. Bí ọmọ bá sáré wá bá yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá tirẹ̀ dọ́gba, ẹ kí i, kí ẹ sì fà á lọ́wọ́ padà sọ́dọ̀ olùtọ́jú rẹ̀. Ó ṣòro. Ọkàn yín yóò sọ pé ìkà ni. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀bùn kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ yín bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Alákòóso ni kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún, kí àwọn olùtọ́jú pín in nígbà tí ẹ kò sí níbẹ̀, kí ọpẹ́ ọmọ lè lọ síbi tí yóò ṣe é láǹfààní. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ ó padà wá. Ẹ má gba nọ́ńbà fóònù ọmọ, ẹ má sì fún un ní tiyín.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ni yóò dá ìjà sílẹ̀ jù lọ nínú ẹgbẹ́. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, ti ọdún 1989, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tojú bọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láìnídìí, ó wà ní abala 16. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí gbogbo fóònù máa wà ní ibùgbé yín, kí ẹnì kan ṣoṣo mú kámẹ́rà, kí ó sì ya iṣẹ́, ọwọ́, ilé àti àwọn àgbàlagbà tó gbà bẹ́ẹ̀, láìsí ojú ọmọ kankan níbẹ̀. Ọmọ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìkunmú lẹ́nu lónìí yóò pé ọmọ ogún ọdún, yóò máa wá iṣẹ́, yóò sì rí ara rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bí ìdí tí ìjọ kan fi gba igbá ọrẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwàásù, èyí tí àwọn ìgbìmọ̀ kì í fẹ́ fọwọ́ kàn. Abala 14 nínú àdéhùn kan náà sọ nípa òmìnira ẹ̀sìn ọmọ àti ẹ̀tọ́ òbí láti tọ́ ọ sọ́nà nínú rẹ̀. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ ọmọ wọ̀nyí ti ní òbí, tí òbí náà sì lè jẹ́ ẹlẹ́sìn mìíràn, kò tọ́ kí a pe ọmọ tí kò lè jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn náà síwájú láti wá ṣe ìpinnu, kí a sì ka iye wọn bọ̀ wálé. Ẹ bá àwọn ìjọ ibẹ̀ jọ́sìn, ẹ gbàdúrà pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó bá béèrè fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí iye àwọn tó gbọ́ wàásù kúrò nínú ìjábọ̀ yín.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìlera

Ẹ lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ẹ tó lọ. Káàdì àjẹsára ibà pọ́njú kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́, láti oṣù keje ọdún 2016 ni ó sì ti wà fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni tó gbà á. Bí ẹ bá ń lọ síbi tí ibà ẹ̀fọn wà, ẹ má dá oògùn ìdènà rẹ̀ dúró ní ọjọ́ tí ẹ bá padà délé: àwọn tó ń lo doxycycline gbọ́dọ̀ máa lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i. Kí ẹ sì rí i pé gbogbo yín ti gba àjẹsára èéyi, nítorí àwọn ìkókó tó wà nílé náà. Ẹni tí ó bá ń wúkọ́ tàbí tí ara rẹ̀ gbóná ní ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ dé ilé náà ní ọjọ́ yẹn. Ẹ ra ètò adójútòfò tí yóò lè gbé aláìsàn padà wálé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ọjọ́ tí ẹ bá débẹ̀

Àwọn olùtọ́jú ni kí ẹ kọ́kọ́ kí, kí ẹ sì mọ orúkọ wọn kí ẹ tó mọ ti ọmọ kankan. Ìlànà ojoojúmọ́ ilé náà kò gbọdọ̀ yí padà nítorí yín. Bí àwọn ọmọ bá wà ní ilé-ìwé, ìgbà yẹn gan-an ni kí iṣẹ́ yín máa lọ. Ẹ jókòó ti olùtọ́jú tó pẹ́ jù níbẹ̀, kí ẹ bi í léèrè ohun tí ń sú u. Ní ìrìn-àjò wa kejì, a bi obìnrin kan ní ìbéèrè yìí, gbogbo wa sì rò pé owó ni yóò sọ. Ó fi ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ kan hàn wá, ó ní batiri rẹ̀ ti kú láti oṣù mélòó kan, òun nìkan ló sì ń tọ́jú àwọn ọmọ mẹ́tàlá lóru. Bí méjì bá ń sunkún lẹ́ẹ̀kan náà, òun a dúró láàárín yàrá méjèèjì nínú òkùnkùn, òun a máa kọrin kí àwọn méjèèjì lè gbọ́ ohùn òun. Láti ìjókòó yẹn ni ètò owó oṣù olùtọ́jú kejì fún òru ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ máa pàdé lálaalẹ́ ní ibùgbé yín, kí olórí sì béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan bóyá ó rí ohun tó kọ ọ́ lóminú. Bí ọmọ kan bá sọ fún yín pé ẹnì kan ń ṣe òun níbi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ẹ má ṣe bi í ní ìbéèrè tó fi èsì sí i lẹ́nu, ẹ má sì ṣèlérí pé ẹ ó bò ó láṣìírí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an, kí ẹ fi ọjọ́ àti àkókò sí i, kí ẹ sì fà á fún ẹni tí ẹ ti yàn fún iṣẹ́ náà kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ó bá jẹ́ alákòóso ni ọmọ náà dárúkọ, ọ́fíìsì ìjọba tí ẹ ti gba àdírẹ́sì rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹta ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ tààrà. Ẹ má ṣe gbé ìwádìí ti ara yín dìde.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ìdágbére àti ìjábọ̀

Àwọn olùtọ́jú ni kí ó sọ fún àwọn ọmọ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú pé ẹ ń lọ. Ìdágbére náà gbọ́dọ̀ kúrú, kó má sì ní omijé àlejò nínú. Ẹni tí yóò sunkún, kó lọ sun ún nínú ọkọ̀. Ó dára kí ọkọ̀ náà ṣí nígbà tí àwọn ọmọ bá wà ní kíláàsì.

Láàárín oṣù kan lẹ́yìn tí ẹ bá délé, ẹ kọ ìjábọ̀, kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà ń kà, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú kí ìjọ tó rí i. Bí wọ́n bá ní ìpínrọ̀ kan bu àwọn kù, ẹ tún un kọ. Gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde gbọ́dọ̀ wà nínú ìjábọ̀ náà, títí kan aṣọ ẹgbẹ́. Ní oṣù kẹfà, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ohun tí ẹ kọ́ wọn ṣì wà ní lílò, ọmọ mélòó ló ti padà sílé, àti ohun tí ẹ ṣe tí ó dí wọn lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ọdún méjì, mo kọ lẹ́tà sí ilé tí mo kọ́kọ́ bẹ̀ wò láti béèrè ọmọbìnrin tó di apá ẹ̀wù mi mú. Alákòóso tuntun ti wà níbẹ̀ nígbà náà. Ó dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan pé, ìlànà àwọn báyìí kò gbà kí àwọn sọ fún àlejò bóyá ọmọ kan wà níbẹ̀ tàbí ibi tí ó lọ, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo béèrè. Mo fi lẹ́tà náà sínú fáìlì ìgbìmọ̀ wa, sábẹ́ àwọn ìwé tó fi hàn pé ilé náà yẹ lẹ́ni à ń bá ṣiṣẹ́.